Ọjọ́ Tí Jáńgílófà Já

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mo gbọ́ èdè gbogbo ènìyàn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbà pé ará ilé ni mí. Kétu ni mo ti wá, Kétu ti Alákétu, ní òdì kejì ẹnubodè níbi tí àwọn Faransé ti ṣe ìjọba. Bí mo bá sọ pé Kétu ni ìlú mi, wọn a ní, "Ibẹ̀ ò kúkú jìnnà. Ẹ wọkọ̀ ní Ọjọ́ta, ẹ ti débẹ̀." Èkó náà ní Kétu tirẹ̀, ìyẹn ni wọ́n mọ̀. Bí mo bá wá ṣàlàyé pé Kétu tèmi wà lẹ́yìn Ìdíròkó, ojú wọn á yí padà. "Ó dáa. Ará Kutọnu ni yín." Àwọn mìíràn a ní Àgànyìn ni mí. Bẹ́ẹ̀ mi ò mọ Kutọnu ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Iṣẹ́ ọmọ títọ́ ni mo wá ṣe. Ilé kan ní Àgídìngbì ni ọ̀rẹ́ ìyá mi bá mi wá a sí. Tọkọtaya ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá, ọkọ jẹ́ ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró pẹ́, Ìbùkún lorúkọ rẹ̀. Mọ́mì ni mo ń pe ìyá, Dádì ni mo ń pe bàbá. Ọmọ náà ń pè mí ní Àǹtí, gbogbo ilé sì bá a pè mí bẹ́ẹ̀, títí kan Dádì tó ṣe é bí bàbá mi kékeré.

Mo ní ọmọ tèmi náà nílé. Àbẹ̀bí ni. Bàbá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló wà. Ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Mọ́mì máa ń ní kí n lọ sinmi. Ìgbà yẹn ni mo máa ń pe ilé. Àbẹ̀bí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí léèrè pé, "Ìyá, ta lẹ ń dirun fún níbẹ̀?"

Mo ní, "Ọmọ kan tó ń jẹ́ Ìbùkún."

Ó ní, "Ṣé ó máa ń sunkún tí ẹ bá ń dì í?"

"Ó máa ń sunkún."

"Èmi ò kì í sunkún mọ́," ló wí, ó sì gbé fóònù fún ìyá mi.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò lè sun. Nílé, bí òórùn ọbẹ̀ bá gba afẹ́fẹ́ kọjá, mo mọ ilé tó ti wá, mo mọ ìyàwó tó ń sè é, mo sì mọ̀ bóyá òun àti ọkọ rẹ̀ ń bára wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní Àgídìngbì, òórùn bísíkíìtì ló ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ilé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ó ń dùn, ó ń ta ni lófun, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń yan án. Láàárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà tó bá ń kọjá níwájú géètì wa. Àwọn kan dá mi lóhùn. Àwọn kan a tẹsẹ̀ mọ́rìn, bí ẹni pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn. Mi ò jáwọ́ o. Nígbà tó yá, màmá àgbà kan tó ń gbé ní ilé kẹta sí tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í dúró gba ìkíni náà, wọn a bi mí bí mo ṣe sùn. Ayọ̀ ìkíni náà pọ̀ lọ́kàn mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó wà nílé ò lè mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn bi ọ́ bí o ṣe sùn.

Mo kọ́ Ìbùkún náà ní ìkúnlẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé tí ọmọ rẹ̀ fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, o fẹ́ sọ ọmọ mi di ará Kétu." Mo mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn.

Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà tí kò jìnnà sí wa. Ilẹ̀ ìjọba ni, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ni wọ́n gbé e fún pé kó máa bójú tó o, kó sì máa gba owó ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ya àwòrán ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín sára ògiri rẹ̀. Pátákó kan wà lẹ́bàá géètì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sí i. Ilé ìwé díẹ̀ tí mo lọ, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa, nítorí náà mi ò lè kà á. Ẹ̀yìn ni mo tó mọ ohun tó wí, pé ẹni tó bá wọlé, ewu orí ara rẹ̀ ni.

Ọ̀sán Sátidé ni. Mọ́mì àti Dádì lọ sí ìsìnkú ní Adó-Èkìtì, wọ́n sì ní kí n mú Ìbùkún jáde kó má baà máa fi tẹlifíṣọ̀n ṣe oúnjẹ. Jáńgílófà ló fẹ́ràn jù. A dúró de àwọn ọmọ tó wà lórí rẹ̀ kí wọ́n gùn ún tán. Bí a ṣe dúró ni ìyá mi pè. Mo gbé e, mo ní, "Ìyá, mo wà níta pẹ̀lú ọmọ, màá pè yín padà." Ìbùkún ń fà mí láṣọ pé kí n ṣe kíá, àyè ti ṣí. Mo fi fóònù sí etí ìró mi, mo so ó, mo gbé ọmọ sórí ìjókòó, mo ní kó di ṣéènì mú dáadáa.

Mo tì í. Kì í ṣe títì líle. Ó ní, "Àǹtí, ẹ tún tì mí." Mo tún tì í. Nígbà tó lọ síwájú tó fẹ́ padà bọ̀, mo gbọ́ tí nǹkan dún, ṣéènì ọwọ́ ọ̀tún já, ìjókòó náà dorí kodò. Etí simẹ́ńtì ló ṣubú lé. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Apá rẹ̀ ti ká níbi tí apá kì í ká sí, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Máníjà ọgbà náà sáré dé. Ọkùnrin kan ni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Kò wo ọmọ. Jáńgílófà ló kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn náà ló tó wo èmi.

Obìnrin kan tó mú àwọn ọmọ tirẹ̀ wá ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Títí di òní mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo pe Mọ́mì láti ibẹ̀, alẹ́ sì ti lẹ́ kí òun àti Dádì tó dé láti Èkìtì. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù. Bàtà Ìbùkún wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Bí Mọ́mì ṣe rí mi, mo kúnlẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó já bàtà náà gbà lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé mo jí i, ó sì wọlé lọ.

Kò pẹ́ sí i tí máníjà fi dé pẹ̀lú ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó bá wọn kẹ́dùn lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mo ń gbọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀gá òun. Ó ní, "Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí ẹ ń fi ọmọ yín tì, mà. Mo dúró síbẹ̀, mo fi ojú mi rí i. Orí fóònù ni obìnrin yìí wà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan ti ọmọ lọ sókè, ó gbàgbé ẹ̀."

Mọ́mì jáde bá mi. Ó ń fi èdè Èkìtì sọ̀rọ̀ débi pé mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìparí rẹ̀. "O ti pa ọmọ mi lára. Lọ kó ẹrù ẹ."

Dádì jáde tẹ̀ lé e. Ẹni tí kì í tètè sọ̀rọ̀ ni. Ó ní, "Jẹ́ kí ọmọ jí ná, kó sọ tẹnu ẹ̀."

Mo jáde sí iwájú ọsibítù, mo pe ìyá mi. Mo ròyìn fún wọn. Wọ́n ní, "Wálé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìlú onílùú lo wà. Bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé, ta ni màá rán lọ?"

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹnubodè ò jìnnà. Kò sí ẹni tó máa wá mi débẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo àwọn ènìyàn tó ń wọlé tó ń jáde, mo sì ń rò ó pé ta ni àlejò. Mo ti rò pé ẹni tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ ni, tàbí ẹni tí ìwé rẹ̀ yàtọ̀. Lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀bi kọ́kọ́ ń bà lé ni àlejò. Wọn ò wá ẹ̀bi kiri. Ó ti mọ ọ̀nà ilé mi.

Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn á di òótọ́. Ìbùkún á sì jí, á wá mi, wọn á sọ fún un pé Àǹtí sá lọ. Ìyẹn ni mi ò lè gbà. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ń fọ ojú ọgbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, Mọ́mì àti Dádì dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti jẹ́ kí n wọlé nítorí pé Ìbùkún ò jẹ́ kí ẹlòmíràn di òun mú. Dókítà fa nǹkan kan jáde nínú ẹran ọwọ́ rẹ̀. Wáyà ni, wáyà tín-ín-rín tó ti dípẹtà.

Dókítà bi í pé, "Kí lo dì mú nígbà tó o ṣubú?"

"Jáńgílófà," ni Ìbùkún wí. "Wáyà ni wọ́n fi so ó. Ó ń gún mi lọ́wọ́, àmọ́ Àǹtí ní kí n dì í mú dáadáa."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì wọ̀ mí lára. Ibi ìjókòó ni mo ti gbé e, mi ò wo ara ṣéènì níbi tí ọwọ́ rẹ̀ dì mú.

Dádì gba wáyà náà, ó yí i sí apá ìmọ́lẹ̀, ó dá a padà fún dókítà pé kó bá wọn fi pamọ́. Ó ní, "Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fi irú èyí so ẹrù kọ́, ilé ló máa lọ." Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó lọ sí ọgbà. Nígbà tó dé, ó ní jáńgílófà kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti da yanrìn tuntun síbẹ̀.

Mọ́mì kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Nírọ̀lẹ́, ó gbé abọ́ ìrẹsì wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Jẹun." Mo jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹrù kíkó kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn jẹ́ lọ́yà. Ó wá sílé wa, ó ní kí n jókòó pẹ̀lú wọn. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, torí mi ò jókòó sí pálọ̀ rí nígbà tí àlejò bá wà. Ó tún un sọ, mo jókòó.

Ó fi Yorùbá ṣàlàyé fún wa. Ó ní, "Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ pé kí ọmọ ọlọ́mọ wá ṣeré lọ́dọ̀ òun, òfin ní dandan ni kó rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣeré kò ní pa wọ́n lára. Tó bá mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, kó tì í pa. Pátákó tí wọ́n gbé kọ́ kò tó láti gbà wọ́n."

Mọ́mì ní, "Ṣé a máa jàre?"

"A lè jàre. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí wọ́n máa gbà yọ." Ó kọjú sí mi. "Àǹtí ni wọ́n máa dì mú. Wọ́n á ní ṣéènì kọ́ ló ṣe é, pé ẹni tó mú ọmọ wá ni kò wò ó. Bí adájọ́ bá gbà pé o wà lórí fóònù, wọ́n lè bọ́ níbẹ̀, ẹ̀bi á sì dúró lọ́rùn ẹ. Ṣé o lè dúró ní kóòtù?"

Mo ní, "Mi ò kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, mà."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Ìyá mi ní àlejò lójú, kò fi ríran."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwọ fi tìẹ ríran. Ìdí tí mo fi wá bá ọ nìyẹn. Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè fóònù, sọ ọ́ bó ṣe rí. Má yọ nǹkan kan kúrò, má sì fi nǹkan kan kún un."

Mo ní màá dúró.

Kóòtù kì í yá. A lọ, wọ́n ní adájọ́ ò wá. A tún lọ, wọ́n ní lọ́yà tiwọn ń ṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀kan tí gbogbo wa pé, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò tan, ooru mú wa títí, wọ́n sún un síwájú. Láàárín ìgbà náà wọ́n tú ohun tí wọ́n fi di apá Ìbùkún. Dókítà ní kí a máa bá a nà án láràárọ̀. Èmi ni mo ń ṣe é. Ó máa ń dùn ún, nítorí náà mo ń sọ ìtàn ilé wa fún un bí mo ṣe ń nà án, mo ń sọ fún un nípa Àbẹ̀bí, pé ó mọ odò wẹ̀, pé ó mọ bí a ṣe ń yan gàrí. Ó mọ Àbẹ̀bí débi pé ó ń bi mí bóyá ikọ́ rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n apá náà kò nà tán. Dókítà ní kò ní nà tán mọ́. Mọ́mì wọ yàrá lọ nígbà tó gbọ́, kò jáde títí tí a fi jẹun tán.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ìbànújẹ́ ti pa èmi àti Mọ́mì pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Àwa méjèèjì ni a mọ bí apá náà ti wúwo tó nígbà tó bá sùn lé e. A ò sọ ọ́ fún ara wa. Mo máa ń rò ó pé bóyá báyìí ni ènìyàn ṣe ń di ará ibì kan, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń yọ̀ fún ọ, bí kò ṣe nígbà tí ohun tó ń dùn wọ́n bá ń dun ìwọ náà níbì kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi ní ọsibítù ṣì wà láàárín wa. Bí ó bá ti gbóhùn sókè sí mi díẹ̀, kódà tí kò ju pé iyọ̀ pọ̀ lọ, àyà mi á já.

Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà dé níkẹyìn, ní Ìkẹjà. Máníjà ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó tún un sọ pé òun rí mi lórí fóònù, tí mò ń rẹ́rìn-ín. Dókítà sọ tirẹ̀, wọ́n sì fi wáyà náà han adájọ́. Adájọ́ obìnrin ni, ó mú un lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí.

Lọ́yà tiwọn ga, ohùn rẹ̀ sì tutù. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ògbufọ̀ kan ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Ní ọjọ́ náà, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìyá mi pè mí lórí pọ́táábù."

Ògbufọ̀ dúró. "Lórí kí ni?"

Ọ̀rọ̀ ilé wa ló bọ́ sí mi lẹ́nu, bí a ṣe ń pè é lọ́dọ̀ àwọn Faransé. "Fóònù," ni mo wí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ gbé ojú sókè, ẹ̀rín náà sì dá.

"Nítorí náà, o wà lórí fóònù."

"Mo wà lórí ẹ̀ kí ọmọ tó gun jáńgílófà, sà. Mo sọ fún ìyá mi pé màá pè wọ́n padà. Mo so fóònù mọ́ etí ìró mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé ọmọ sókè."

"Ta ló rí ọ nígbà tó o so ó mọ́ ìró?"

"Ìbùkún. Òun ló ní kí n ṣe kíá."

"Ọmọdé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó bi mí bóyá mo ka pátákó ẹnu ọ̀nà. Mo ní mi ò kà á, pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ní, "O wọlé láìmọ ohun tó wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo rí àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lára ògiri, sà. Ìyẹn ni mo kà."

Ó ní òun ò ní ìbéèrè mọ́. Mo sọ̀kalẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mo sọ ọ́ dáadáa tàbí mo ti bà á jẹ́.

Wọ́n pe Mọ́mì. Lọ́yà ọ̀hún tún dìde. Ó ní, "Mà, ṣé òótọ́ ni pé lọ́jọ́ náà gan-an, ní ọsibítù, ẹ sọ lójú àwọn ènìyàn pé obìnrin yìí ló pa ọmọ yín lára, tí ẹ sì ní kó kó ẹrù rẹ̀?"

Mo wolẹ̀. Mo mọ̀ pé ó lè ní òun ò sọ ọ́. Mo mọ̀ pé bó bá ní òun sọ ọ́, ẹjọ́ lè fọ́ mọ́ wa lórí.

Mọ́mì ní, "Òótọ́ ni. Mo sọ ọ́."

"Ẹ mọ̀ nígbà náà pé òun ló jẹ̀bi."

"Mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà mí." Ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí i padà sí Yorùbá, ó sì kọjú sí ibi tí mo jókòó sí. "Ọkùnrin tí mi ò rí rí sọ fún mi pé ó jẹ̀bi, mo gbà á gbọ́. Obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ mi láti ọjọ́ yìí kúnlẹ̀ síwájú mi, mi ò bi í ní ìbéèrè kan. Mo ṣe é láìdáa. Bí wọ́n bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ níbí, kí wọ́n kọ ìyẹn náà."

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó ń kọ ọ́.

A wọkọ̀ padà sí Àgídìngbì. Èmi àti Mọ́mì wọ ilé ìdáná lọ. Ó jókòó lórí àpótí tí mo máa ń jókòó sí láti fi bó ẹ̀wà, ó tú bàtà rẹ̀.

Ó ní, "Àbẹ̀bí, kíláàsì wo ló wà báyìí?"

Kò bi mí léèrè ọmọ mi rí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Tí wọ́n bá ti gba họ́lídè, jẹ́ kó wá. Yàrá ẹ tó yín." Mo ní ẹ ṣé, mà. Mo kọjú sí síǹkì torí mi ò fẹ́ kó rí ojú mi, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ ìdájọ́, èmi àti Ìbùkún jókòó pọ̀ sẹ́yìn lọ́yà wa, Dádì àti Mọ́mì wà níwájú. Gẹ̀ẹ́sì ni adájọ́ fi ka ìdájọ́ rẹ̀. Lọ́yà wa yí padà, ó ń sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní adájọ́ sọ pé ẹni tó ń bójú tó ọgbà mọ̀ pé ṣéènì ti já tẹ́lẹ̀, torí wáyà kì í so ara rẹ̀. Pé pátákó kò lè gba ẹ̀tọ́ ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà. Pé òun gba ẹ̀rí mi gbọ́. Pé bí mo bá tilẹ̀ ń wo ojú sánmọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú ènìyàn kọ́ ló ń di jáńgílófà mú. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọgbà ló jẹ̀bi, àwọn ni yóò gbé ìnáwó ìtọ́jú Ìbùkún, èyí tó ti kọjá àti èyí tó ń bọ̀.

Dádì bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mọ́mì di ọwọ́ lọ́yà mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìbùkún bi mí pé, "Ṣé wọ́n ní kì í ṣe Àǹtí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn tipẹ́."

Níta, mo di ọwọ́ Ìbùkún mú, a dúró sí ìbòòji kí Dádì lọ gbé ọkọ̀ wá. Máníjà ọgbà jáde. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti rún. Ó kọjá wa, ó sì tún padà wá. Ó wo apá ọmọ náà, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ ni. Mo ní ìyàwó àti ọmọ nílé."

Mi ò fẹ́ kó kúnlẹ̀, mi ò sì fẹ́ bú u. Ó ti rẹ̀ mí. Mo wò ó, mo rí i pé ẹ̀rù ti ń bà á láti ọjọ́ tí ṣéènì ti já, bó ṣe ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó lọ láìgbọ́ tẹnu mi.

Mo ní, "Èmi náà, sà. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe lọ́jọ́ yẹn."

Ó mi orí. Dádì ti gbé ọkọ̀ dé. Mo ṣílẹ̀kùn fún Ìbùkún, mo sì wọlé jókòó tì í.